Ẹ Fi Ọwọ́ Yín Sílé

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Ẹrẹ̀nà

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Ẹsẹ̀ òsì yín tó ń wú ńkọ́? Ṣé ẹ ń gbé e lé orí àpótí bí mo ṣe sọ, àbí rédíò àwọn oníbàárà lẹ ṣì ń kó lé àpótí náà? Bàbá àwọn ọmọ ní kí n kí yín. Ó ti bá mọ́tò ẹrù jáde láti àná, ó di ọjọ́ Ẹtì kó tó wọlé.

Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn kí a máa sọ ọ̀rọ̀ ńlá lórí fóònù. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ohun tí èèyàn bá fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wò dáadáa, orí ìwé ni kó gbé e sí. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí.

Aláriwo, ọmọ wa kékeré, náà dití bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. A yẹ etí rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi kọ́ ni mo yẹ̀ ẹ́ wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ mi ni. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ló ṣe é, èmi jókòó sórí àga tí àwọn ìyá ọmọ máa ń jókòó sí. Ẹni tó ń pariwo jù nínú ilé wa kò gbọ́ ariwo ara rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún. Mi ò rántí èyí tó ṣáájú.

A ti pinnu. Nínú oṣù Òkúdù, tó bá pé ọmọ oṣù mẹ́rìnlá, wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní etí méjèèjì, bí wọ́n ṣe ṣe é fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. A ó máa fi ẹnu bá a sọ̀rọ̀, a ó sì máa fi ọwọ́ bá a sọ̀rọ̀, bí a ṣe ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ọ́. Mi ò kọ̀wé láti tọrọ àyè. Mo kọ ọ́ kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n tún ṣàlàyé ẹ̀rọ tó wà létí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, torí mo gbọ́ pé Màmá Àgbà, ẹ̀gbọ́n yín, ń sọ fún gbogbo èèyàn pé wọ́n ri rédíò mọ́ ọmọ náà lórí. Nínú etí, níbi tí ojú ò lè dé, nǹkan kan wà tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irun tín-ín-rín ló wà nínú rẹ̀, àwọn ló ń gba ohùn, tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ti àwọn ọmọ mi kò ṣiṣẹ́. Oníṣẹ́ abẹ máa ń ti wáyà kan tó rọ̀ bí òwú wọ inú ìkarahun yẹn. Ojú méjìlélógún ló wà lára wáyà náà, òun ni yóò sì máa ṣe iṣẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń fi ìgúnpá tẹ dùùrù. Ẹni tó ti mọ orin náà tẹ́lẹ̀ yóò dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò gbọ́ orin kankan rí ní láti kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, lójoojúmọ́, fún ọdún púpọ̀.

Apá kejì ẹ̀rọ náà wà níta. A máa ń fi kọ́ ẹ̀yìn etí. Wáyà kúkúrú kan jáde lára rẹ̀, òòfà sì so orí wáyà náà mọ́ awọ orí. Tí a bá yọ ti ìta yìí kí ọmọ lè wẹ̀ tàbí kó lè sùn, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Adití ni, adití náà ni. Ẹ̀rọ yìí kàn la ọ̀nà kan fún un ni. Èmi fẹ́ kó ní méjì.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ẹ pe èèyàn mẹ́rìnlá jọ sí pálọ̀, ẹ gbé fóònù sáàárín tábìlì, ẹ ní kí ọmọ ọdún márùn-ún kí gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Kékeré lẹ sọ ọ́, nítorí iwájú orí rẹ̀ tó jọ ti ìyá mi tó ti lọ. Ẹ ò rò pé ọmọdé ni. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi tí etí mi pé, ikọ́ ẹnìkan àti ariwo àga ni mo gbọ́. Ọmọ náà sá wọ abẹ́ tábìlì wa. Mo sì gbọ́ nígbà tí Màmá Àgbà ní, "Ẹ̀rọ yẹn ò mú nǹkan kan jáde."

Ọmọ mi kì í ṣe rédíò tí a ń tàn kí àlejò lè gbọ́. Mi ò ní gbé e sídìí fóònù bẹ́ẹ̀ mọ́.

Èmi ni, Tọ́ọ̀ṣì yín, tó ń di iná mú fún yín nígbà tí orí rẹ̀ kò tíì ga tó tábìlì iṣẹ́.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Ẹrẹ̀nà

Tọ́ọ̀ṣì mi,

Ìwé rẹ dé lọ́jọ́ Ajé. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ ń wú, wíwú rẹ̀ tún ń wálẹ̀. Rédíò mẹ́ta ló wà lórí àpótí tí o sọ. Mo fi ẹsẹ̀ lé orí ẹ̀kẹrin.

Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ibi tí o ti ṣàlàyé ìkarahun ìgbín àti ojú wáyà méjìlélógún yé mi. Mo fi ẹfun yà á sára pátákó ní ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà kan bi mí pé rédíò wo nìyẹn. Mo ní kí n kọ́kọ́ yìn ọ́ kí n tó bá ọ wí. Ọmọ tí mo kọ́ ní wáyà ló wá ń kọ́ mi ní wáyà.

Ó wá ku "mi ò kọ̀wé láti tọrọ àyè." Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?

Màmá Àgbà pe ìpàdé ẹbí. N kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ọ, nítorí náà mo kọ èyí bó ṣe jáde lẹ́nu wọn: "Ẹni tó ń yẹ etí ọmọ ọlọ́mọ wò, ti tirẹ̀ ló di méjì yìí." N kò fèsì. Mo wo ẹsẹ̀ mi.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí wọ́n bi mí tí n kò rí ìdáhùn sí, èmi náà sì fẹ́ bi ọ́. Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀rọ ti wà lórí Ìyá Kékeré. Tó bá ń ṣiṣẹ́, kí ló dé tí ẹ ṣì ń ju ọwọ́ sókè sódò? Tí kò bá ṣiṣẹ́, kí ló dé tí ẹ fẹ́ la orí ọmọ kejì? Ní ṣọ́ọ̀bù mi, rédíò a sọ̀rọ̀ tàbí kó má sọ̀rọ̀. N kò tíì tún ọ̀kan ṣe rí kí n wá sọ fún oní-nǹkan pé kó máa wo iná rẹ̀ dípò kó máa gbọ́ ọ.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí. Ọmọ tó bá ti rí ọ̀nà tó tẹ́jú kò ní gun òkè. Bí ẹ bá ń gba ọwọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò fi ẹnu sílẹ̀. Èmi sì fẹ́ kó pè mí ní Bàbá Àgbà, kí n fi etí mi gbọ́ ọ, kí n tó lọ bá ìyá rẹ. Ṣé ohun tó pọ̀ jù nìyẹn?

Ibi tí ìpàdé parí sí ni pé kí ẹ má tíì fọwọ́ kan orí Aláriwo títí a ó fi gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èyí tó jẹ́ tèmi, tí n kò sọ nípàdé, ni pé bí ẹ bá ń bọ̀ wálé ní ìparí ọdún, ẹ fi ọwọ́ yín sílé. N kò fẹ́ kí àwọn èèyàn wá pé lé ojú fèrèsé mi láti máa wo ọmọ ọmọ mi bí ẹni ń wo òṣèré.

Èmi ni bàbá rẹ, ẹni tó ṣì wà láàyè tí o lè tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Igbe

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rédíò oní-nǹkan.

Ẹ bi mí ní ìbéèrè oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ jẹ́ kí n dáhùn bí oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń gbé ohùn wọlé. Kì í gbé èdè wọlé. Ọpọlọ ọmọ ló ń fi ohùn kọ́ èdè, ó sì dà bí sìmẹ́ǹtì tútù: ohun tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ tètè tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí Aláriwo kò fi lè dúró de ìpàdé ẹbí. Ìdí kan náà ni mi ò fi lè dúró kí ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó là kí n tó fún un ní èdè. Bí ilẹ̀kùn kan ò bá tíì ṣí, ẹ ní kí n tún ti èkejì pa?

Mi ò ní purọ́ fún yín pé ohùn gbogbo wa ṣọ̀kan lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Nílé ẹ̀kọ́, ohun tí wọ́n kọ́ mi ni pé kí n máa sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n má lo ọwọ́. Àwọn ọ̀gá mi kan ṣì wà lẹ́yìn yín títí di òní. Èmi náà sọ ọ́ fún àwọn ìyá fún ọdún méjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá sí yàrá mi, ọmọ ọdún mẹ́fà. Wọ́n ti ní kí ìyá rẹ̀ máa di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ẹ̀rọ yóò fi mú ọ̀rọ̀ jáde. Ẹ̀rọ náà kò mú un jáde. Ọmọ yẹn kò ní ọ̀rọ̀ kankan fún ebi, kò ní fún ìrora, kò sì ní fún ìyá rẹ̀ tó jókòó tì í. Ó ń jẹ etí aṣọ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo ti pinnu pé mi ò ní fi ọmọ ẹnikẹ́ni ta tẹ́tẹ́ mọ́, ká má tíì sọ ti tèmi.

Ìyá Kékeré ní ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́kànlélọ́gọ́rin. Àlejò lè dá mọ́kàndínlógójì mọ̀ nínú rẹ̀. Ti ọwọ́ kọjá ohun tí mo lè kà. Ní àná ó fi ọwọ́ parọ́ fún mi pé Aláriwo ló jẹ bisikíìtì tó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, Aláriwo tí kò tíì mọ ìrìn, tí eyín rẹ̀ kò ju méjì lọ. Ó fi ìka hàn mí bí àbúrò rẹ̀ ṣe gun àga. Bàbá, ọmọ tó lè purọ́ tó gún régé báyìí, èdè ti wọ inú rẹ̀.

Ẹ̀yin gan-an ńkọ́? Láti ìgbà tí mo ti ń di tọ́ọ̀ṣì mú ni Ọ̀gá Aránbàtà ti wà ní ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ tiyín. Wọn kì í gbọ́, wọn kì í sọ̀rọ̀. Ojoojúmọ́ lẹ ń bá wọn tàkúrọ̀sọ láti òdìkejì títì, ẹ ó máa rẹ́rìn-ín títí òjé gbígbóná tí ẹ fi ń so wáyà yóò fi kán sí yín níka. Kí lẹ fi ń bá wọn sọ ọ́? Ẹsẹ̀ tó wú yẹn?

Wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún Aláriwo lọ́jọ́ kọkàndínlógún, oṣù Òkúdù. Ọwọ́ wa kò ṣeé yọ kọ́ sára ògiri. Bó bá jẹ́ pé dandan ni ká fi í sílé, àwa náà yóò jókòó tì í. A ò ní wá ní ìparí ọdún. Ẹ sọ fún Màmá Àgbà pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má pè mí fún ìgbà díẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnu mi ba ohun tí ìwé mi sọ jẹ́.

Ọmọ yín ni mo jẹ́ síbẹ̀.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Ẹ̀bìbí

Tọ́ọ̀ṣì,

Mo kí ọ, bí o tilẹ̀ ń bínú. Ìkíni kì í tán láàárín bàbá àti ọmọ. O ní kí n má pè, mo pè lẹ́ẹ̀márùn-ún, o kò gbé e. Kò burú.

Ọ̀rọ̀ Aránbàtà tí o fi gún mi lójú yàtọ̀. Àgbàlagbà méjì tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni wá. Ohun tí a ń sọ kò ju báyìí lọ: òjò ń bọ̀. Oníbàárà yẹn láhun. Ìyàwó rẹ ń bọ̀, pa sìgá. Ìyẹn kì í ṣe èdè. Ohun tí mo fẹ́ kọ sí ọ nìyẹn, mo sì ní kí n mú ẹlẹ́rìí. O mọ̀ pé mo máa ń da gbogbo ìwé mi kọ, bí mo ṣe ń kọ àìsàn rédíò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Mo kó tèmi àti tìrẹ dání, mo sọdá títì, mo fi lé Aránbàtà lọ́wọ́, torí ó mọ̀wé kà dáadáa.

Ó ka tìrẹ tán, ó rẹ́rìn-ín ibi ẹsẹ̀ tó wú. Ó wá ka tèmi. Nígbà tó dé ibi "ẹ fi ọwọ́ yín sílé," ó tún un kà. Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó dá a padà fún mi. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó yí i, ó kọjú sí ògiri.

Ọjọ́ kẹsàn-án nìyí. Ó ń rán bàtà, ó ń gba iṣẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń rí. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń gbọ́ ni, mo lè dúró sẹ́nu ọ̀nà mi kí n bú u títí yóò fi yíjú. Ẹni yìí ti kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ti ti ilẹ̀kùn nìyẹn, kò sí ohun tí mo lè fi kàn án.

N kò yí ọ̀rọ̀ mi padà o. Mo kàn ní kí n sọ fún ọ pé ṣọ́ọ̀bù ti dákẹ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù Òkúdù

Tọ́ọ̀ṣì mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Má ya ìwé yìí kí o tó kà á tán.

Ọkọ rẹ pè mí. Má bá a jà, ọ̀rọ̀ ló pọ̀ lọ́kàn rẹ̀. Ó ní ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá tí Ìyá Kékeré ti ń já ẹ̀rọ kúrò létí tó ń jù ú sílẹ̀, pé olùkọ́ rẹ̀ sọ pé ó ti di olórí kunkun, pé ìwọ fúnra rẹ ló ń yẹ ẹ̀rọ náà wò lálaalẹ́, o kò rí àléébù kankan, o ń tan ohùn rẹ̀ sókè, kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ṣe ló ń le sí i. Màmá Àgbà ti gbọ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ ti kọ ọmọ, ọmọ ti kọ ẹ̀rọ.

N kò kọ̀wé láti bú ọ. Iṣẹ́ ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Ìwé tí mo fi ń kọ àìsàn rédíò wà níwájú mi. O ti wà ní yunifásítì nígbà tí èyí ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ àgbà kan gbé rédíò aláwọ̀ ewé wá lẹ́ẹ̀mẹrin. Nílé rẹ̀, ó ń dákẹ́. Lórí tábìlì mi, ó ń kọrin. Mo pààrọ̀ ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀, mo tan ohùn sókè, mo bú olùkọ́ nínú mi pé kò mọ nǹkan ń lò. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, mo wọ bàtà, mo tẹ̀ lé e délé láti lọ wo bó ṣe ń gbọ́ ọ. Orí itan ló ń gbé e lé. Bó bá ti gbé e lé itan, wáyà iná rẹ̀ á tẹ̀ lọ́rùn. Ó ti já nínú awọ rẹ̀, ojú kò lè rí i. Tí mo bá tẹ́ ẹ gbọọrọ sórí tábìlì, ẹnu méjèèjì á kan ara wọn, gbogbo nǹkan á dára. Tó bá tẹ̀, ó dákẹ́. Tó bá tún kàn, á bú gbàù, torí mo ti tan ohùn sókè.

O kọ̀wé sí mi pé wáyà kúkúrú kan jáde lára ẹ̀rọ náà lọ sí ibi òòfà. Ṣé o ti yẹ wáyà yẹn wò? Má yẹ̀ ẹ́ wò lórí tábìlì. Yẹ̀ ẹ́ wò lára ọmọ. Níbo ló máa ń tẹ̀ bó bá yí ọrùn?

Má jẹ́ kí ìmọ̀ ńlá gbé ọ fo ohun kékeré.

Bàbá rẹ. Aránbàtà ṣì kọjú sí ògiri.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Òkúdù

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì.

Wáyà ni.

Ìwé yín bá mi lẹ́nu iṣẹ́, mo kà á láàárín ọmọ kan tó ń jáde àti èkejì tó ń wọlé. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé mò ń bọ̀, mo lọ mú Ìyá Kékeré nílé ìwé. Ohun èlò kékeré kan wà lọ́wọ́ wa, iná rẹ̀ máa ń tàn bí wáyà bá ń ránṣẹ́ wọlé. Mo tẹ́ ẹ̀rọ náà sórí tábìlì mi, iná tàn. Mo fi kọ́ ọ létí, iná tàn. Mo ní kó yíjú sí fèrèsé. Iná kú. Ó dojú kọ mí padà, iná tàn. Ọjọ́ mẹ́tàlélógún, Bàbá, ni mo fi ń tẹ́ ẹ gbọọrọ lálaalẹ́, tí mo ń sọ pé kò sí ohun tó ṣe é. Bí mo bá sì ti tan ohùn sókè, tó bá tún kàn lójijì, á dà bí ẹni tó ju ìkòkò irin sílẹ̀ nínú orí rẹ̀. Ìdí tó fi ń já a jù nù nìyẹn. Olùkọ́ pè é ní olórí kunkun. Èmi náà ti ń pè é bẹ́ẹ̀ nínú mi.

Òfin kan wà níbi iṣẹ́ wa: ìyá kì í tún ẹ̀rọ ọmọ ara rẹ̀ ṣe, nítorí ohun tó ń retí kì í jẹ́ kó rí ohun tó wà níbẹ̀. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn mo bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi yọ mí kúrò lábẹ́ òfin yẹn. Mo ní kò sí ọwọ́ tó dára tó tèmi. Mo ti dá ìtọ́jú ẹ̀rọ náà padà fún ọ̀gá mi báyìí.

Èyí tó dùn mí jù ni mo fẹ́ sọ wàyí, mi ò sì ní fi pamọ́. Ó ti sọ fún mi. Láti ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ló ti ń gbé ìkúùkù sẹ́bàá etí, á là á, á pa á dé, á là á, á pa á dé, á wá fi ìka kan ọrùn. Ó ṣe é nídìí oúnjẹ. Ó ṣe é nínú ọkọ̀. Mo rò pé iná mọ́tò tó ń ṣẹ́jú ló ń sín jẹ. Mò ń bá yín jà lórí ọwọ́ rẹ̀ nínú ìwé, mi ò sì wo ọwọ́ náà.

Nígbà tí mo fi wáyà tuntun sí i, tí mo dá ohùn padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó yí ọrùn sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó gbé ìkúùkù sókè, ó là á, kò sì pa á dé mọ́. Ó wá fi ọwọ́ kan náà bá mi wí: "Mo ti sọ fún yín. Ẹ ò wò mí."

Ẹ ṣeun, Bàbá. Bí ìwé yín kò bá dé, mi ò mọ ibi tí ǹ bá tan ohùn yẹn dé. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mo ti túúbá. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n rí wáyà náà, ọwọ́ ọmọ yìí sì ti rí i ṣáájú yín. Ká ní mo ti fi ọwọ́ náà sílé bí ẹ ṣe wí, kí ni ì bá fi sọ ọ́? Ẹni tó bá fẹ́ rí àwọn ọmọ mi yóò rí wọn tọwọ́tọwọ́.

Iṣẹ́ abẹ Aláriwo lọ dáadáa. Wákàtí mẹ́rin ni. Wọ́n we orí rẹ̀ bí oníláwàní, ó jí, ó sì pariwo débi pé nọ́ọ̀sì kan sá wọlé láti wo ẹni tí wọ́n ń pa. Ó di oṣù tó ń bọ̀ kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ náà. Ọ̀gá mi ni yóò tàn án. Èmi yóò jókòó sórí àga àwọn ìyá.

Tọ́ọ̀ṣì yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Agẹmọ

Tọ́ọ̀ṣì mi,

Ẹ kú ewu. Ẹ kú orí ire. Sọ fún Aláriwo pé mo gbọ́ igbe rẹ̀ níbí. Ẹsẹ̀ ti wà lórí àpótí. Mo kó rédíò náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti ń tún rédíò ṣe. Mo ti ṣí èyí tí èkúté bímọ sínú rẹ̀, mo ti ṣí èyí tó ré sódò. N kò tíì rí ẹyọ kan tó nawọ́ sí ibi tó ń dùn ún. Mo ka ibi tí ọmọ náà ti ń fi ìka kan ọrùn, mo sì pa ṣọ́ọ̀bù dé ní ọ̀sán gangan, èmi tí n kì í pa á dé nígbà òjò.

Mo sọdá lọ sọ́dọ̀ Aránbàtà. Ó ti lé ní oṣù méjì tí mo ti ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo rá pálá wọ àárín òun àti ògiri, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sórí bàtà oníbàárà. Ó gbójú sókè láti lé mi. N kò bẹ̀ ẹ́. Mo ṣe ohun tí ọmọ náà ṣe: mo gbé ìkúùkù sẹ́bàá etí, mo là á, mo pa á dé, mo là á, mo pa á dé, mo fi ìka kan ọrùn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Aránbàtà fa òwú bàtà kan jáde, ó já a, ó tún fi ẹnu méjèèjì kan ara wọn. Ó ti mọ̀. Ọjọ́ mẹ́tàlélógún lo fi mọ̀ ọ́n, odindi ìwé ni mo fi sọ ọ́, òun kò lò ju ìṣẹ́jú àáyá lọ.

Ó bi mí pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo fi ọwọ́ wọn ìwọ̀n ọmọ ọdún márùn-ún sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì yí àpótí ìjókòó rẹ̀ padà.

Mo bi í nípa ohun tí èmi àti òun ti ń fi ọwọ́ sọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní èdè ni, pé òun ló ń gé e wẹ́wẹ́ fún mi bí a ṣe ń gé ẹran fún aláìléyín, pé nínú èdè náà, akólòlò ni mí. Mo gbà.

Màmá Àgbà dé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n bi mí bóyá ọmọ náà ti sọ̀rọ̀. Mo ní ó ti sọ̀rọ̀. Inú wọn dùn, wọ́n ní kí ló sọ. Mo ní, "Ó sọ pé wáyà ni."

Wọ́n ní ṣé ẹnu ló fi sọ ọ́.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin mẹ́rìnlá lẹ fi ẹnu sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀ yìí lọ́jọ́sí. Kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú yín tó rí wáyà."

Wọ́n dìde, wọ́n lọ. Wọn yóò padà wá. Awò ojú wọn ṣì wà lórí tẹlifíṣọ̀n mi. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí ọ nípàdé, tí n kò fèsì, mo jẹ ọ́ ní èsì rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ìyẹn nìyẹn.

N kò ní purọ́ fún ọ, mo ṣì fẹ́ gbọ́ kí ó fi ẹnu pè mí. Kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n n kò ní gbé fóònù sáàárín tábìlì mọ́ láti fi gbà á. Tó bá wù ú, yóò pè mí. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ló wù ú láti fi pè mí, mo fẹ́ mọ̀ pé èmi ló ń pè.

Lójoojúmọ́ báyìí, bí oòrùn bá ti kúrò lójú títì, Aránbàtà máa ń kọ́ mi. Mo ti ní ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlá. Ìka tí òjé jó yẹn kì í tẹ̀ dáadáa, nítorí náà, bí mo bá fẹ́ sọ pé "wá jókòó," Aránbàtà ní ohun tí mò ń sọ ni "ewúrẹ́ jókòó." Ó tún ní ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ ọwọ́ ti ọ̀dọ̀ yín yàtọ̀ sí tibí pátápátá. Mo ní kò burú. Èmi ni mo ti ń tún nǹkan ṣe láti ọjọ́ yìí. Kí ọmọ náà wá tún èmi ṣe.

Fèrèsé mi wà níbẹ̀. Mo ti nu dígí rẹ̀, mo sì ti to àga mẹ́ta síta, kí ẹsẹ̀ má baà ro ẹni tó bá fẹ́ dúró wò.

Ẹ máa bọ̀ ní ìparí ọdún. Ẹ kó ọwọ́ yín dání, gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ.

Bàbá rẹ.